Lọ́ńdọ̀nù Ń Gba Àsìkò Wa, A Sì Ń Dúpẹ́

  

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àdúà láàrin wa. Bí ẹnìkan bá sọ pé òun fẹ́ kó ìdílé òun kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí ìlú kékeré, àwọn yòókù á kígbe lé e lórí pé: “Kí ni o fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Lọ́ńdọ̀nù ni mọ́sálásí wà, Lọ́ńdọ̀nù ni iṣẹ́ wà, Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn èèyàn wa wà.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀dọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé ọ̀rọ̀ yìí ń tàn wá jẹ. Mọ́sálásí wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ka iye orí tí ó wà nínú rẹ̀ ní ìrun Iṣáì ọjọ́ Àtàláátà. Iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n onílé ti na ọwọ́ gba owó rẹ̀ kí ó tó dé àpò wa. Àwọn èèyàn wa wà pẹ̀lú, a kì í sì í rí ara wa àfi níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi janáásà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé Lẹ́mọ́mù ní Ìsìláàmù kórìíra ìlú ńlá. N kò sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni ì bá sì jẹ́ bí mo bá sọ ọ́. Ìlú ni ẹ̀sìn yìí ti gbilẹ̀. Yathrib ni wọ́n ń pe ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ànábì ṣí lọ síbẹ̀ ní ọdún 622, orúkọ rẹ̀ yí padà di Madínà, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju “ìlú” lọ. Ìrun Jímọ̀ gan-an, nínú ilé ẹ̀kọ́ Imaamu Abu Hanifa, ìlú ni wọ́n ní kí a ti máa kí i. Àwa Yorùbá náà kì í ṣe ará oko láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kí òyìnbó tó dé ni Ìbàdàn ti di ìlú tí ojú kò lè ká tán, Ìlọrin sì ti kún fún ilé kéú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Ànábì kọ́kọ́ ṣe nígbà tí ó dé Madínà. Ó kọ́ mọ́sálásí. Ó fi àwọn tí ó ṣí wá láti Mẹ́kà ṣe ọmọ ìyá fún àwọn onílé, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, orúkọ sí orúkọ, tí ẹnìkan ń pín dúkìá rẹ̀ fún àlejò tí kò mọ̀ rí. Ó ya ọjà sọ́tọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí, ó sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni gba owó orí ìtẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìlú ni èyí: ibi tí àlejò ti ní orúkọ kan tí yóò kàn sí. Nílé, agbo ilé ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún wa. Bí èèyàn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún bá tilẹ̀ wà ní ìlú, ogójì tàbí àádọ́ta ni agbo ilé, ìyá àgbà kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà tí ó mọ ẹni tí kò jáde láàárọ̀. Lọ́ńdọ̀nù ní èèyàn tí ó tó mílíọ̀nù 9, kò sì ní ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àsìkò, nítorí pé òun ni olórí ohun tí ìlú yìí ń jẹ. Ọlọ́hun so ìrun mọ́ àkókò. Ní oṣù Disẹ́ńbà ní Lọ́ńdọ̀nù, Àìlà ń wọlé ní nǹkan bí agogo 12 ọ̀sán, Àlàásàrí ń wọlé kí agogo 2 tó lù, oòrùn sì ti wọ̀ kí ó tó di agogo 4. Ìrun mẹ́ta ni ó bọ́ sáàrin wákàtí iṣẹ́ ẹnìkan ṣoṣo. Bí ó bá di oṣù Júùnù, nǹkan a yí padà: Mọ̀gàríbì á di agogo 9 alẹ́ kọjá, àfẹ̀mọ́júmọ́ á sì yọ kí agogo 3 tó lù. Ẹni tí ilé rẹ̀ súnmọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ lè wá ọgbọ́n sí i. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni ilé rẹ̀ súnmọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀? A ń gbé Thamesmead, a ń gbé Barking, a ń gbé Edmonton, nítorí ibẹ̀ ni owó ilé ti rọjú díẹ̀. Àárín ìlú ni a sì ti ń ṣiṣẹ́. Wákàtí kan àbọ̀ ní àlọ, wákàtí kan àbọ̀ ní àbọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe èyí fún ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀ ti fi wákàtí 15 sílẹ̀ sínú ọkọ̀. Èyí ju àkókò tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń jókòó ti Alùkùránì ní oṣù mẹ́ta lọ.

Ẹ wọ bọ́ọ̀sì 53 tí ó ń ti Plumstead bọ̀ gba Old Kent Road kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ óò bá àwọn ìyá wa níbẹ̀, ìborùn lórí, orí lára fèrèsé, oorun ń gbé wọn. Wọ́n ń lọ nu ọ́fíìsì kí àwọn oní-ọ́fíìsì tó dé. Àwọn kan nínú wọn yóò tún lọ sí ibòmíràn ní alẹ́. Mo bu ọlá fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn, nítorí pé halaali ni. Ẹni tí mo ń bá wí ni àwa tí a ń wo ayé báyìí tí a sì ń pè é ní àṣeyọrí, tí a ń fi ránṣẹ́ sílé pé nǹkan ń lọ dáadáa. Súrà At-Takáthur ń bá àwọn tí ìdíje kíkójọ gbàgbé wọn títí tí wọ́n fi dé sàréè wí. Tẹ́lẹ̀ rí, mo máa ń rò pé àwọn ọlọ́rọ̀ ni súrà náà ń bá wí. Ìlú yìí ni ó fi hàn mí pé èèyàn lè wà nínú ìdíje náà láìní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, kí ó máa sáré nítorí owó ilé nìkan.

Ibn Khaldun ti rí gbogbo èyí. Nínú Muqaddimah tí ó parí ní ọdún 1377, ó ṣàlàyé bí ìgbádùn ìlú ṣe ń di àṣà, bí àṣà ṣe ń di ọ̀ranyàn, bí ọjà ṣe ń wọ́n, títí tí owó tí ń wọlé kò fi ní í tó èyí tí ń jáde mọ́, tí okùn ìbátan á sì já. (Inú odi kékeré kan ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlùjíríà lónìí ni ó ti kọ ọ́, jìnnà sí ariwo, lẹ́yìn náà ni ó lọ gbé Káírò, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1406. Àwọn onímọ̀ pàápàá kì í sá fún ìlú ńlá.) Ohun tí ó fà á ti mo fi mẹ́nu bà á ni ọ̀rọ̀ ilé. Owó ilé ní ìlú yìí ti ga débi pé ẹni tí ó ń sá fún èlé kò mọ ibi tí yóò sá sí. Lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń wá bá mi, tí wọ́n ń béèrè bóyá wọ́n lè yá owó èlé ra ilé. Kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ mi rí bóyá ó pọn dandan kí ilé náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Gbogbo wa ni a mọ bí Jibríìlù ṣe tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò fún Ànábì tó, débi tí Ànábì fi rò pé yóò fún un ní ìpín nínú ogún. A máa ń fi ṣe wàásù, ó sì máa ń dùn létí. Ní oṣù Jánúárì ọdún 2006, ní Wood Green ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n já ilẹ̀kùn ilé obìnrin kan. Òkú ni wọ́n bá. Obìnrin náà kò tíì pé ọmọ 40 ọdún nígbà tí ó kú, ó sì ti lé ní ọdún méjì tí ó ti kú. Ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀bùn ọdún tí ó dì sílẹ̀ fún àwọn èèyàn ṣì wà níbẹ̀. Lókè ilé ìtajà ńlá ni ilé náà wà, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń rìn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ta ni ó wá já ilẹ̀kùn? Àwọn tí ó wá gba ilé nítorí gbèsè owó ilé ni. Gbèsè ni ó rántí rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé òyìnbó ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tiwa yàtọ̀. Ṣé ó dá yín lójú? Àwọn bàbá tí ó wá sí ìlú yìí ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 ti darúgbó. Ìyàwó àwọn mìíràn ti kú, ọmọ wọn wà ní Manchester tàbí ní Kánádà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni a ń rí wọn ní Jímọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá wá ní Jímọ̀ méjì léra, ta ni ó ní kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀? Ta ni ó mọ nọ́ńbà ilé rẹ̀ gan-an? Mo béèrè èyí lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ wa ní ọdún tí ó kọjá. Wọ́n ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wà nínú ìwé. Nọ́ńbà fóònù kò lè ṣí ilẹ̀kùn.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Grenfell Tower ní òru ọjọ́ 14 oṣù Júùnù ọdún 2017. Inú Rámádáánì ni. Èèyàn 72 ni ó bá iná náà lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Mùsùlùmí. Àwọn tí ó ń gbé inú ilé alájà 24 yẹn ti kígbe fún àwọn alákòóso ṣáájú; wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 2016 pé àfi bí jàǹbá ńlá bá ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fetí sí àwọn. Ìlú tí ó lówó jùlọ ní ilẹ̀ yìí kò fetí sí wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ìwádìí sì sọ ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 2024 pé kò sí èyí tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ nínú àwọn ikú náà. Ṣùgbọ́n láti ẹnu àwọn tí ó yè ni a ti gbọ́ pé àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n kò tíì sùn, tí wọ́n ń dúró de sààrì, wà lára àwọn tí ó rí iná náà ní kùtùkùtù, tí wọ́n sì ń gbá ilẹ̀kùn aládùúgbò. Ẹni tí ó gbá ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ti mọ̀ pé ẹnìkan wà lẹ́yìn rẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn ni ẹ̀sìn ní ìlú ńlá. Gbogbo àsè ìṣínu tí a ń ṣe ní gbọ̀ngàn tí a háyà kò tó o.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni ó ń dùn mí jù, ẹ óò sì dárí jì mí bí mo bá pẹ́ lórí rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 títí kọjá àwọn ọdún 1970, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ni àwọn òbí wọn fi sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tí wọn kò mọ̀ rí, ní Kẹ́ńtì, ní Ẹ́sẹ́ẹ̀sì, ní Sọ́ṣẹ́ẹ̀sì. Ìpolówó inú ìwé ìròyìn ni wọ́n fi wá àwọn alágbàtọ́ náà. Kì í ṣe pé àwọn òbí wọ̀nyí kò fẹ́ràn ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ni wọ́n, yàrá kan ni wọ́n ń háyà ní Lọ́ńdọ̀nù, onílé kò sì fẹ́ ọmọ dúdú nínú ilé rẹ̀. Ìlú kò fún wọn ní àyè àti àsìkò, wọ́n sì fi ọmọ dí i. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Ọdún 1967 ni wọ́n bí i, wọ́n sì fi í sọ́dọ̀ ìdílé kan ní Tilbury. Ó fi ìtàn náà ṣe fíìmù tí ó jáde ní 2018, ó sì fi hàn níbẹ̀ bí ọmọ Yorùbá ṣe lè dàgbà kí ó kórìíra awọ ara rẹ̀ débi tí yóò fi bá àwọn tí ó ń lu èèyàn dúdú rìn. Mo mọ àwọn àgbàlagbà ní ìlú yìí tí bàbá wọn jẹ́ àlùfáà, tí àwọn fúnra wọn kò mọ Fátíhà, nítorí ilé alágbàtọ́ ni wọ́n gbé láti ọmọ oṣù mẹ́fà títí di ọmọ ọdún 10.

A máa ń sọ̀rọ̀ àwọn òbí wọ̀nyẹn bí ẹni pé òye wọn kéré. Ẹ jẹ́ kí a wo ara wa. Bàbá ń ṣiṣẹ́ òru, ìyá ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn ọmọ ọdún 11, tẹlifóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn bàbá wa gbé ọmọ wọn fún alágbàtọ́ tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀. Tiwa ń gbé inú fóònù, a kò mọ orúkọ rẹ̀, a kò sì mọ ohun tí ó ń sọ fún ọmọ ní agogo 11 òru. Nígbà tí ọmọ bá wọ ẹgbẹ́ tí ó ń gbé ọ̀bẹ rìn, a óò sáré gbé e lọ sí ilé kéú ní Ìlọrin, bí ẹni pé àwọn àlùfáà ibẹ̀ jẹ́ ọlọ́pàá. Lákòókò kan náà, ilé alájà méjì ń lọ sókè ní Ìkòròdú tàbí ní Ìbàdàn láti inú owó iṣẹ́ òru yẹn. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí sínú gan-an ńkọ́? Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 2013, ọmọbìnrin dúdú kan, ọmọ ọdún 9, kú nítorí ikọ́ fée ní Lewisham. Ẹ̀gbẹ́ títì South Circular ni wọ́n ń gbé. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2020, adájọ́ tí ó ń wádìí ikú sọ pé èéfín ọkọ̀ àti afẹ́fẹ́ burúkú wà lára ohun tí ó pa á. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ikú rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ìjọba ìlú ti ṣe nǹkan lórí èyí láti ìgbà náà, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó sì ń san £12.50 lójoojúmọ́, èyí tí a ń kùn sí gidigidi ní ìta mọ́sálásí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí ó ń gbé ẹ̀gbẹ́ títì ńlá, ẹ wo àwọn tí ó wà lórí ìlà ìrun yín.

Àwọn tí ó tilẹ̀ fọkàn sí i pé àdúgbò àwọn ti fìdí múlẹ̀, kí wọ́n rántí Heygate ní Elephant and Castle. Ilé ìjọba tí ó lé ní 1,000 ni ó wà níbẹ̀, àwọn èèyàn wa sì wà nínú wọn. Wọ́n kó wọn jáde, wọ́n parí wíwó o ní 2014, wọ́n sì kọ́ ilé olówó iyebíye síbẹ̀. Àwọn tí ó ti ń kírun pa pọ̀ fún ogún ọdún tú ká. Nítorí náà, ẹni tí ó sọ pé òun kò lè fi jamáà òun sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìlú náà lè fi jamáà rẹ̀ sílẹ̀ fún un láìbéèrè.

Mo mọ èsì tí ẹ óò fún mi. Ẹ óò sọ pé àwọn Mùsùlùmí Lọ́ńdọ̀nù lé ní mílíọ̀nù kan, ẹran halaali wà ní gbogbo ìkóríta, oníwòsàn tí ó gbọ́ Yorùbá kò sì ṣòro láti rí. Òótọ́ ni. Ẹ óò sọ pé ní ìlú kékeré, wọ́n á máa wo ìborùn ìyàwó yín bí ìran. Èyí náà lè ṣẹlẹ̀, n kò ní pè é ní nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n mọ́sálásí àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ fún ìrun ní ilẹ̀ yìí, Woking ni ó wà, láti ọdún 1889. Woking kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn bàbá wa tí ó sì ra ilé ọtí ní Old Kent Road, tí wọ́n sọ ọ́ di mọ́sálásí, kò bá mọ́sálásí níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Àwọn èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ kó ara wọn jọ. Kí ni ó dé tí àwọn ọmọ irú bàbá bẹ́ẹ̀ fi ń bẹ̀rù ìlú tí kò ní mọ́sálásí?

Ohun tí ó ń kó bá àwọn tí ó lọ ni pé wọ́n ń dá lọ. Ìdílé kan á kó lọ sí Kẹ́ńtì, àwọn nìkan á wà níbẹ̀ fún ọdún méjì, ìyàwó á máa sunkún, wọ́n á padà wá sí yàrá méjì ní Peckham, a ó sì fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ. Kí ìdílé márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ pa pọ̀, kí ilé wọn wà ní ibi tí ẹsẹ̀ lè rìn dé láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá síra wọn, kí wọ́n máa kí Àsùbáà ní pálọ̀ ara wọn. Ìyẹn ti di agbo ilé. Àwọn tí kò sì lè lọ, nítorí iṣẹ́ tàbí nítorí àìlera, ẹ̀tọ́ wọn wà lọ́rùn wa pẹ̀lú.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa, mo sì ń béèrè rẹ̀ ní gbangba nítorí pé mo ti béèrè rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Èkíní, kí a dá àsè ọdọọdún dúró fún ọdún méjì: gbọ̀ngàn, aṣọ ẹgbẹ́, olórin, gbogbo rẹ̀. Kí a fi owó náà san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ fún àwọn tí yóò máa bẹ gbogbo bàbá àti ìyá tí ó ń dá gbé wò, ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ ilé wọn sì wà lọ́wọ́ ẹnìkan tí wọ́n fúnra wọn yàn. Èkejì, kí a ṣí ìwé orúkọ fún àwọn ìdílé tí ó fẹ́ bá ara wọn ṣí kúrò, kí ẹgbẹ́ sì yá wọn ní owó ìdúró ilé láìsí èlé. Ìpàdé gbogbogbòò yóò wáyé ní Sátidé tí ó gbẹ̀yìn oṣù yìí lẹ́yìn Àìlà. Akápò yóò mú ìwé ìnáwó àsè tí ó kọjá wá, kí gbogbo èèyàn lè rí iye tí a ná ní alẹ́ ọjọ́ kan. Èmi yóò mú bírò àti ìwé wá, orúkọ ìdílé márùn-ún àkọ́kọ́ tí ó bá fẹ́ bá ara wọn lọ wo ilé ní Medway ni n óò sì kọ́kọ́ kọ.